Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ fi gbogbo ọkàn ṣe ìdánwò ọpọlọ: ìtọ́sọ́nà fún àwa tó ń dán àwọn tó ń fara kan kẹ́míkà wò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún nọ́ọ̀sì, dókítà, saikọ́lọ́jíìsì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń jókòó ti òṣìṣẹ́ láti dán ìrántí àti ìrònú rẹ̀ wò. Àwọn tó ń bá kẹ́míkà olóró ṣiṣẹ́ lágbègbè wa pọ̀ ju bí a ṣe máa ń rò lọ. Àgbẹ̀ tó ń fín kòkó ní Ìdànrè, ẹni tó ń fi tínà po ọ̀dà mọ́tò ní ọgbà mẹkáníìkì, ẹni tó ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, ọmọ tó ń ta epo láti àárọ̀ dalẹ́, fọganáísà tó ń lẹ táyà: gbogbo wọn ni nǹkan ń gba imú tàbí awọ ara wọn wọlé lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun ń gbàgbé nǹkan, ìdánwò ọpọlọ la fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ọpọlọ kò dà bí ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú ìgò. Ẹ̀jẹ̀ á sọ iye òjé tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Máàkì ìrántí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ń dán wò gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí i kí máàkì náà tó ní ìtumọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn ìsapá, kì í ṣe láti fi mú òpùrọ́. Ẹni tí májèlé bà jẹ́ lóòótọ́ ló nílò rẹ̀ jù, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ rẹ̀ kulẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ni pé ó ń díbọ́n. Tí ẹ bá ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé ó sapá, wọn ò ní rí ibi gbá mú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fara kàn

Ẹ má kàn kọ "kẹ́míkà" sínú fáìlì. Kẹ́míkà wo? Ọdún mélòó? Ṣé ìta gbangba ló ti ń lò ó àbí inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa? Ṣé ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun, ṣé aṣọ iṣẹ́ náà ló ń wọ̀ lọ sílé? Tí àgbẹ̀ bá ní "oògùn kòkó ni", ẹ ní kó gbé ìgò tàbí páálí rẹ̀ wá. Àwọn bàbá wa kan ṣì ń pe gbogbo oògùn kòkó ní Gàmálìn. Lindane ni Gammalin 20 tí wọ́n ń fín láyé ọjọ́un. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lónìí lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá, bí irú èyí tó máa ń ba iṣẹ́ iṣan jẹ́, tàbí kó jẹ́ oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí wọ́n ń fín nítorí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ohun kan náà sí ọpọlọ.

Ìdí tí èyí fi kan ọ̀rọ̀ ìsapá ni pé májèlé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe. Tínà, pẹtiróòlù àti sọlúṣọ̀n táyà máa ń mú kí èèyàn lọ́ra, kó má lè pọkàn pọ̀, kó máa tètè bínú, kí ìrántí rẹ̀ sì dín kù. Láti bí ọdún 1970 sókè ni àwọn dókítà ní Denmark àti Sweden ti ń kọ̀wé nípa èyí lára àwọn tó ń kun ilé, nígbà tó sì di 1985 Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín in sí ìpele. Òjé náà máa ń mú kí ọwọ́ àti ìrònú lọ́ra. Ó tún máa ń fa inú rírun, àìlèyàgbẹ́ àti kí ọrùn ọwọ́ máa rọ. Bí ìdánwò bá fi hàn pé èèyàn lọ́ra, pé kíka nọ́ńbà sẹ́yìn le fún un, àmọ́ tó ṣì dá àwòrán tí a fi hàn án mọ̀, ìyẹn bá ohun tí a mọ̀ mu. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó wa ọ̀kadà wá fúnra rẹ̀ láti Ìjù, tó gba ṣéńjì rẹ̀ pé lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà, wá jókòó síwájú yín tó ní òun ò lè tún nọ́ńbà méjì sọ, nǹkan kan kò dọ́gba níbẹ̀. Ẹ ò tíì mọ ohun tó jẹ́ o. Ẹ kàn sàmì sí i.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: ìbàjẹ́ tí tínà àti àwọn ẹbí rẹ̀ bá ṣe sí ọpọlọ kì í sábà máa burú sí i lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tó kúrò nídìí ọ̀dà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ìgbàgbé rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ẹ wo ìfúnpá rẹ̀, ẹ wo ṣúgà rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó ti ṣubú lórí ọ̀kadà rí, ẹ sì béèrè nípa ọtí. Ẹni tó sì wá láti oko tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí ọmọlójú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, tí iṣan rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sí ìdánwò kankan fún un lọ́jọ́ náà. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ àti yàrá

Ẹ má dán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí tínà wò; ohun tẹ́ ẹ máa rí ni bí tínà ṣe ń pa á bí ọtí, kì í ṣe ìbàjẹ́ tó ti pẹ́ lára rẹ̀. Kó ti fi ọjọ́ méjì sinmi, ó kéré tán. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé dára fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ti òjé yàtọ̀. Ó tó oṣù kan kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà ìsinmi ọjọ́ méjì kò yí i padà. Kẹ́ ẹ ṣáà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣe ìdánwò gan-an. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 ní bí òjé bá ti tó máíkírógíráàmù 5 nínú ìdá mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, kí a wá ibi tó ti ń wá, kí a sì dí i.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè: Ṣé ẹ sùn? Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ààwẹ̀ lẹ wà? Ṣé ibà ń ṣe yín? Awò ojú yín dà? Ẹ má ṣe ìdánwò nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá náà jókòó tì í. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé, tàbí kẹ́ ẹ wá yàrá mìíràn.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un

Ọ̀pọ̀ ìsapá máa ń sọnù níbí, nínú ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹni tó ń ṣe ìdánwò ló sì máa ń jẹ̀bi. Ẹ fojú inú wo bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ní oko kòkó sarè mẹ́jọ, tó ń paṣẹ fún lébìrà, tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó lè bí lọ́mọ wá ní kó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sẹ́yìn. Ó máa rò pé wọ́n ń fi òun ṣe ọmọdé. Á dáhùn kó ṣáà lè tán, á máa wo aago. Máàkì rẹ̀ á wálẹ̀, kò sì díbọ́n rárá; ìwọ̀sí ló bá a.

Torí náà, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ tẹrí ba kí i bó ṣe yẹ, ẹ béèrè àlàáfíà ilé àti oko, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ ọ́ kedere. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí:

"Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ohun tá a fẹ́ ṣe lónìí á tó wákàtí méjì. Àwọn kan nínú rẹ̀ rọrùn bí eré ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé nìyẹn. Àwọn kan á le, kò sì sí ẹni tó ń gba gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi agbára yín ṣe, sà. A tún máa wò ó nínú rẹ̀ bóyá ẹ fọkàn sí i, torí tẹ́ ẹ ò bá fọkàn sí i, mi ò ní lè fi èsì rẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ, ká sinmi."

Gbólóhùn tó sọ pé a máa wo ìsapá ṣe pàtàkì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti mọ̀. Ohun tí ẹ ò ní sọ ni èwo nínú àwọn ìdánwò náà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nǹkan méjì míì ló máa ń dà wá láàmú nílẹ̀ wa, mi ò sì tíì rí i kí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé ìlò ìdánwò tó ń ti òkè òkun wá. Àkọ́kọ́, àwọn àgbà wa kì í fẹ́ sọ ohun tí kò dá wọn lójú. Lọ́dọ̀ wọn, kéèyàn sọ ohun tí kò mọ̀, irọ́ ni. Ẹ béèrè pé èwo nínú àwòrán méjì yìí ni wọ́n ti rí, wọ́n á ní "mi ò mọ̀", wọ́n á sì dákẹ́. Irú ìdánwò tí a fi ń wọn ìsapá sì nílò pé kí èèyàn mú ọ̀kan. Ẹ sọ fún un pé: "Bàbá, mo mọ̀ pé kò dá yín lójú. Ẹ ṣáà nawọ́ sí èyí tọ́kàn yín bá lọ sí. Irọ́ kọ́." Ẹ tún un sọ nígbàkúùgbà tó bá ti dákẹ́. Èkejì, ẹ má ṣe fi iye ọmọ dán ìrántí wò. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ palẹ̀ tí kò dáhùn kò gbàgbé ọmọ rẹ̀. Ẹ bi í ní ọ̀nà tó gbà wá, tàbí ohun tó jẹ láàárọ̀, kẹ́ ẹ wá bi ẹni tó mú un wá bóyá òótọ́ ni.

Nọ́ńbà, etí àti èdè

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mi ò lè gbàgbé.

Bàbá kan wá, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń lu páànù mọ́tò, tó sì ń fi ọ̀dà kùn ún. Mo ka "ẹ̀ta, ẹ̀jọ, èjì" fún un. Ó dáhùn: "ẹ̀ta, èje, èjì." Mo ka "èje, ẹ̀fà, ẹ̀sán". Ó ní: "èjì, ẹ̀ta, ẹ̀sán." Nọ́ńbà mẹ́ta péré, kò lè tún un sọ. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìsapá rẹ̀ kò tó. Ìwé náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá, ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan sì tẹ̀ lé e. Mo rí i bí ọmọ náà ṣe yí lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, tó sì pariwo: "Ọ̀gá, wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó!" Irin tó ti ń lù láti ọgbọ̀n ọdún ti mú etí rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo ìdáhùn rẹ̀: ẹ̀jọ di èje, èje di èjì, ẹ̀fà di ẹ̀ta. Ibi tí ohùn ti jọra nìkan ló ti ṣì í. Ẹni tó ń díbọ́n kì í ṣì í báyìí. Ẹ̀rí wà níwájú mi, mi ò kà á. Mo lọ gba ìwé náà padà, mo sì kọ òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí orúkọ rẹ̀ fi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ṣe dáadáa kò ṣeé dá padà.

Látìgbà náà, mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láìyẹ etí wò. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níwọ̀n apá kan, kó fi ìka dí etí kan, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà, etí kejì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ fún un ní lẹ́tà tàbí àwòrán kékeré kó wò, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ ríran.

Lẹ́yìn ti etí, ti èdè ló kàn. Èdè wo ló fi ń ka nọ́ńbà? Ẹ má bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe nọ́ńbà fóònù. Èdè tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ka nọ́ńbà fún un. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ rántí pé nọ́ńbà wa gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ lẹ́nu. Yàtọ̀ sí "seven", ìró kan ṣoṣo ni nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan láti ọ̀kan dé mẹ́sàn-án. Tiwa, méjì méjì ni: e-ní, è-jì, ẹ̀-ta. Ohun tó bá sì gùn lẹ́nu máa ń gba àyè púpọ̀ nínú ìrántí kúkúrú. Àwọn olùwádìí fi èyí hàn ní Wales ní 1980, níbi tí ọ̀rọ̀ fún nọ́ńbà ti ń pẹ́ lẹ́nu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nítorí náà, ẹni tó lè tún nọ́ńbà márùn-ún sọ ní Yorùbá lè máà burú ju ẹni tó tún mẹ́fà sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ láti fi nọ́ńbà wọn ìsapá, tí saikọ́lọ́jíìsì Greiffenstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1994, wà lórí ìdiwọ̀n àwọn Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá gbé ààlà máàkì wọn, ìyẹn iye tí wọ́n ní ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò sapá, wá sí Ọjà Ọba láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa pe àwọn olóòótọ́ ní alábòsí.

Irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìsapá

Ìpìlẹ̀ èyí tó lágbára jù rọrùn láti yé èèyàn. Ẹ fi àwòrán han ẹni náà, lẹ́yìn náà ẹ fi méjì méjì hàn án, kó mú èyí tó ti rí. Ó dà bíi pé ó le, ṣùgbọ́n kò le. Àwọn tí ọpọlọ wọn bà jẹ́ gan-an pàápàá máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Test of Memory Malingering (ìdánwò ìrántí tí a fi ń mọ ẹni tó ń díbọ́n), tí saikọ́lọ́jíìsì Tom Tombaugh gbé jáde ní 1996, ni gbogbo ayé mọ̀ jù nínú irú rẹ̀, àwòrán 50 ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ ronú nípa owó ẹyọ tí a jù sókè nígbà 50. Orí á yọ ní bí ìgbà 25. Ẹni tí kò rántí ohunkóhun, tó kàn ń mú èyí tó bá ṣáà rí, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ á rí. Kó jẹ́ 18 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 3 nínú 100. Kó jẹ́ 12 péré, kò tó ìgbà kan nínú 1,000. Ẹni tó gba 12 nínú 50 ti mọ èyí tó tọ̀nà kó tó lè yà fún un tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó le jùyẹn lọ, ṣùgbọ́n irú èyí kò wọ́pọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá kùnà máa ń wà láàárín: máàkì wọn ju ti ẹni tó kàn ń mú èyí tó bá ṣáà rí lọ, wọn ò sì dé ibi tí ẹni tó ṣàìsàn gidi máa ń dé. Mi ò ní kọ ààlà máàkì náà síbí, ẹ̀yin náà ẹ má máa fi í sójú táyé. Ìdánwò tí gbogbo ìlú bá ti mọ àṣírí rẹ̀ kò lè gbèjà ẹnikẹ́ni mọ́.

Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló bá àwọn èèyàn wa mu. Èyí tí André Rey ará Switzerland ṣe, tó ní ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú, kò náni ní nǹkan, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò dé ilé ìwé rí ń wo igi wẹ́wẹ́ níbi tí ẹ̀yin ti ń rí A, B, D. Bó bá kùnà, ilé ìwé ló wọ̀n, kì í ṣe ìsapá. Ẹ má fi dán ẹni tí kò kàwé wò.

Tẹ́ ẹ ò bá lówó láti ra èyí tó wọ́n, ẹ má ṣe ẹ̀dà ti ẹlòmíràn, ẹ má sì ṣe tiyín nílé kẹ́ ẹ wá pè é ní ìdánwò nínú ìwé tó máa dé ilé ẹjọ́. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ wo inú àwọn ìdánwò tẹ́ ẹ ti ń lò. Àkójọ ìdánwò méje tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980 fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fara kan kẹ́míkà, tó ní kíka nọ́ńbà, fífi àmì rọ́pò nọ́ńbà, yíyára fèsì, rírántí àwòrán, iṣẹ́ ọwọ́ méjì àti ìbéèrè nípa bí ara ṣe rí nínú, a kò ṣe é láti fi wọn ìsapá. Síbẹ̀, ó máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ́tí sí i. Ṣé èyí tó rọrùn ló ń ṣì, tó wá ń gba èyí tó le? Ṣé ìyára rẹ̀ kàn ń lọ sókè sódò láìnídìí, tí kì í ṣe pé ó ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀? Bí ẹ bá sì tún fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá dán ìrántí rẹ̀ wò, ṣé ó gbàgbé gbogbo wọn pátá nígbà tẹ́ ẹ ní kó sọ wọ́n, tí kò sì dá ọ̀kankan mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ kà wọ́n fún un? Dídá nǹkan mọ̀ máa ń rọrùn ju rírántí lọ fún gbogbo èèyàn.

Ẹ fọ́n àwọn ìdánwò ìsapá ká sínú wákàtí méjì náà. Ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nígbà tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ẹ sì wá àwọn tí ẹ máa fi wé e. Èyí ni mo gbà pé ó ṣe kókó jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni a kì í ṣe. Ọgbọ̀n èèyàn tí ọjọ́ orí àti ìwé kíkà wọn jọ ti àwọn òṣìṣẹ́ yín, tí kì í fara kan kẹ́míkà: télọ̀, oníṣòwò, awakọ̀. Ẹ dán wọn wò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní èdè kan náà. A ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Iṣẹ́ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, tí Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992, lo ìdánwò tí wọ́n tún ṣe ní Yorùbá fún àwọn àgbà tí kò kàwé, wọn ò sì fi ìdánwò nìkan mọ: wọ́n máa ń jókòó bi ẹni tó ń bá àgbà náà gbé léèrè. Ẹ mú ìyẹn lò. Ìyàwó ilé mọ̀ bóyá ọkọ òun ti fi iná sílẹ̀ lórí sítóòfù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí.

Bó bá kùnà

Ọ̀kan ṣoṣo kò tó. Ààlà ọ̀pọ̀ ìdánwò ìsapá wà níbi tí nǹkan bí ẹni 1 nínú olóòótọ́ 10 ti lè kùnà. Tẹ́ ẹ bá lo márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró, ẹni 41 nínú olóòótọ́ 100 ló máa kùnà nínú ọ̀kan ó kéré tán. Ẹ wá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń sọ ohun kan náà, kí ó sì bá ohun tí ojú yín rí mu.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé kò sapá, ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò: etí, ojú, èdè, ilé ìwé, oorun, ìrora, ìbànújẹ́ ọkàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì nítorí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa dáhùn bí ẹni tó sùn. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé apá ibí yìí kò lọ bó ṣe yẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀kan rí, ẹnì kan sọ fún mi pé àbúrò òun ló ní bí òun bá ṣe dáadáa, ilé iṣẹ́ kò ní san nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga. Ó ń ṣàìsàn gan-an. Wọ́n kàn ti dẹ́rù bà á pé òótọ́ nìkan kò ní tó. A tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tirẹ̀ sì yé mi.

Ẹni tó ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́

Ní ilẹ̀ wa, mo ti rí irú èyí ju ẹni tó ń díbọ́n lọ. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀san òṣìṣẹ́, ló ń bójú tó o, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì ni agbanisíṣẹ́ ń dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní agbanisíṣẹ́ tó máa dá owó kankan fún un. Bó bá ní òun ń ṣàìsàn, oúnjẹ ló sọnù. Nítorí náà á ní "ara le, kò sí nǹkan", á sì fi gbogbo agbára ṣe é, títí òógùn á fi bò ó. Ìdánwò ìsapá kò ní mú ìyẹn, torí pé ó sapá. Ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n tó bá di gíláàsì omi mú. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kíkọ àbọ̀

Ẹ má kọ "ó ń parọ́". Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀; ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé èsì náà ṣeé gbára lé tàbí kò ṣeé gbára lé. Àwọn saikọ́lọ́jíìsì mẹ́ta, Slick, Sherman àti Iverson, gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1999, àwọn mẹ́ta náà sì tún un ṣe ní 2020, láti ya ohun tó dájú sọ́tọ̀ sí ohun tó kàn ṣeé ṣe, èrè tí ẹni náà lè rí nínú rẹ̀ sì jẹ́ ara ohun tí wọ́n ní ká wò. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó lo ọ̀rọ̀ "díbọ́n" nínú ìwé èyíkéyìí. Bó bá sapá, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ gbàǹgbà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í pamọ́ sí ojú ìwé kẹfà: ìdánwò ìsapá mẹ́ta la ṣe, ó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, máàkì tó tẹ̀ lé e ṣeé gbà.

Bí èsì kò bá ṣeé gbára lé, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ le. Ẹ kọ èyí náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣì wà, tínà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ìmọ̀ràn pé kó máa bo imú, kó sì ṣí fèrèsé kò dúró de máàkì kankan.

Ìgbà kejì

Ẹ pè é padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tó bá ti kúrò nídìí kẹ́míkà náà tàbí tó ti yí ọ̀nà tó ń gbà lò ó padà. Ẹ lo àkójọ ọ̀rọ̀ mìíràn, torí àwọn kan máa ń rántí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ wákàtí tó jí, ohun tó jẹ, etí tó gbọ́ràn jù, èdè tẹ́ ẹ fi ka nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó ṣe ìdánwò sí ẹ̀yìn fáìlì, kí ẹni tó máa ṣe é nígbà kejì lè ṣe é bákan náà. Fáìlì náà, ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá wá béèrè fún un, kí òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ sí ìwé kẹ́ ẹ tó fún ọ̀gá náà ní ẹ̀dà kan.